Ìdánwò àṣejáde tí wọ́n ń fi kámẹ́rà ṣọ́: ohun tó yẹ kí agbo ilé ní Kpankou mọ̀

Tẹ́lẹ̀, bí ọmọ bá fẹ́ ṣe ìdánwò, ṣe ló máa ń kúrò nílé. Á wọ aṣọ tó mọ́, á mú kálámù méjì dání, ìyá rẹ̀ á sìn ín dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àdúrà, ọ̀kadà á sì gbé e lọ sí Kétou tàbí Pobè. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nílé lẹ́yìn ìyẹn kò kan ìdánwò. Ẹni tó ń gún iyán lè máa gún un, ẹni tó ń lọ àgbàdo lè máa lọ̀ ọ́. Gbọ̀ngàn ìdánwò wà níbòmíràn, àwọn olùkọ́ ló sì ń ṣọ́ ọ.

Nǹkan ti ń yí padà. Lónìí, ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì orí íntánẹ́ẹ̀tì lè ṣe ìdánwò rẹ̀ nínú yàrá tó ń sùn, kí ẹni tó ń ṣọ́ ọ sì wà ní ìlú òkèèrè, kó máa fi kámẹ́rà kọ̀ǹpútà wò ó. Ìdánwò ti wọ inú agbo ilé. Bó sì ṣe wọ inú agbo ilé yẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ nìkan mọ́. Ó ti kan bàbá, ó ti kan ìyá, ó kan àwọn ọmọ kéékèèké, ó kan aládùúgbò, ó sì kan ẹni tó ni ẹ̀rọ tó ń lọ gbágùúdá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé.

Ìdí nìyí tí a fi ní ká bá ẹ̀yin èèyàn wa ní Kpankou àti káàkiri ilẹ̀ Kétu sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń fi owó àgbàdo àti owó gàrí rán ọmọ níwèé, tí kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ariwo wákàtí kan nínú ilé wọn lè ba iṣẹ́ ọdún mẹ́rin jẹ́.

Kí ni ìdánwò àṣejáde?

Ìdánwò àṣejáde ni èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe nígbà tó bá kù díẹ̀ kó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kì í dá lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ohun tí wọ́n ti kọ́ láti ọdún kìíní ló ń kó pọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń lò ni Major Field Test, tí ilé-iṣẹ́ ETS ń ṣe. ETS yìí kan náà ló ń ṣe TOEFL, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó fẹ́ lọ sókè òkun mọ̀ dáadáa. Ti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní ìbéèrè 66, wákàtí méjì ni wọ́n sì fi ń dáhùn rẹ̀. Wọ́n ń béèrè bí a ṣe ń kọ iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà máa ṣe, bí a ṣe ń fi ìṣirò yanjú ìṣòro, bí inú kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́, àti bí ọ̀kan ṣe ń bá òmíràn sọ̀rọ̀. Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 120 títí dé 200. Àwọn yunifásítì kan ń lò ó láti mọ̀ bóyá àwọn olùkọ́ wọn ń kọ́ni dáadáa. Àwọn mìíràn sì sọ pé ẹni tí kò bá ṣe é kò ní gba ìwé-ẹ̀rí.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà náà, irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì mọ́. Láti ọdún 2023, ìjọba Ethiopia bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ parí yunifásítì, títí kan àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò àṣejáde lórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó gba ìwé-ẹ̀rí. Nínú gbogbo àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é, bí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ló yege. Ní Benin tiwa níbí, àwọn tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga aládàáni ń ṣe ìdánwò àpapọ̀ tí ìjọba ṣètò kí wọ́n tó gba Licence tàbí Master. Ṣùgbọ́n inú gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ń ṣe ti Ethiopia àti ti wa yìí, lójú èèyàn.

Èyí tí à ń sọ lónìí yàtọ̀. Ó ti wà ṣáájú, ṣùgbọ́n ọdún 2020 ló gbilẹ̀, nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́ pa káàkiri ayé. Ọdún yẹn ni ETS bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn èèyàn ṣe TOEFL àti GRE nílé, ọ̀pọ̀ yunifásítì náà sì tẹ̀ lé e. Àrùn lọ, àmọ́ kámẹ́rà kò lọ mọ́. University of the People, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2009, tí ọ̀gbẹ́ni Shai Reshef sì jẹ́ olùdásílẹ̀ rẹ̀, jẹ́ yunifásítì tí kò ní kíláàsì kankan, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo rẹ̀. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀. Kò gba owó ìkẹ́kọ̀ọ́, owó ìdánwò ló ń gbà, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ìdánwò rẹ̀ kan wà tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tó bá ń ṣe é.

Ẹ̀yin oníṣòwò mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣọ́ni. Ẹni tó bá ń ra àgbàdo lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí, á fẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú òun. Ẹni tó máa gba ọmọ yín síṣẹ́ kò mọ̀ ọ́n, ìwé-ẹ̀rí ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Bí ẹlòmíràn bá lè bá a ṣe ìdánwò, ìwé-ẹ̀rí náà kò níyì mọ́, àti ti ẹni tó ṣe jìbìtì, àti ti ẹni tí kò ṣe é. Nítorí náà, a kò sọ pé kí wọ́n má ṣọ́ni. Ohun tí à ń sọ ni pé kí ilé tí ìdánwò fẹ́ wọ̀ mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ọ

Ọ̀nà méjì ló wà. Ní ọ̀nà kìíní, èèyàn gidi ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ níbòmíràn, tó ń wo akẹ́kọ̀ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ọ̀nà kejì, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń ṣọ́ ọ. Á ká ojú àti ohùn akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, á sàmì sí ibi tó bá fura sí, lẹ́yìn náà ni èèyàn á tún un wò.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa béèrè ni káàdì ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé e síwájú kámẹ́rà, wọ́n á sì fi ojú rẹ̀ wé fọ́tò náà. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n lè ní kó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ yí yàrá po, kí wọ́n rí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, orí tábìlì, abẹ́ tábìlì, àti ibùsùn. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn wọ̀nyí ń wo ilé kí wọ́n tó fún ọmọ ní ìbéèrè.

Bí ìdánwò bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn òfin kan wà tó wọ́pọ̀ láàárín wọn. Ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá. Fóònù kò gbọ́dọ̀ sí nítòsí. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ ki nǹkan bọ etí. Kò gbọ́dọ̀ dìde láìgbàṣẹ, kò sì gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bó bá ń wo ẹ̀gbẹ́ léraléra, wọ́n lè rò pé ìwé ló ń wò. Àwọn ìdánwò kan tún ní kí etí méjèèjì hàn gbangba. Ẹni tó ń lo ìborùn nítorí ẹ̀sìn lè lò ó, àmọ́ kí etí má bò. Ó dára kí àwọn ọmọbìnrin wa mọ èyí ṣáájú, kó má di ohun tí wọ́n ń bára wọn fà lọ́jọ́ ìdánwò.

Ibi tó ti lè dojú rú fún wa

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ, ká ní ó wà nínú agbo ilé kan ní Kpankou, tó fẹ́ ṣe ìdánwò wákàtí méjì lọ́sàn-án ọjọ́ ọjà.

Orúkọ ni ìṣòro àkọ́kọ́. Èdè Faransé la fi ń kọ orúkọ wa sínú ìwé ìjọba níbí. Adéṣínà á di Adéchina, Àjàyí á di Adjayi, Fágbohún á di Fagbohoun. Ọmọ tó bá ti gbé ní Nàìjíríà, tó sì forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú Adesina, Ajayi tàbí Fagbohun, ṣùgbọ́n tí káàdì rẹ̀ jẹ́ ti Benin, orúkọ méjèèjì kò bára mu lójú ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Òfin ETS ni pé orúkọ tí èèyàn fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti káàdì mu gẹ́lẹ́. Bí kò bá bára mu, wọ́n lè má jẹ́ kó ṣe é, owó rẹ̀ á sì wọ gbó. Ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ ni kí ẹ ti yẹ èyí wò.

Ariwo ni ìkejì. Ẹ̀rọ ìlọta, gbohùngbohùn lọ́jà, àwọn ọmọ tó ń ṣeré, ewúrẹ́ tó fẹ́ wọlé, ẹ̀gbọ́n tó ti Cotonou dé tó ń pe orúkọ àbúrò rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Lójú tiwa, ilé tó ní èèyàn ni ilé yẹn. Lójú ẹ̀rọ tó ń ká ohùn sílẹ̀, ẹnì kan ló ń sọ ìdáhùn fún akẹ́kọ̀ọ́. Ilẹ̀ Kétu ni wá, a mọ bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣe ń dùn tó, a sì mọ̀ pé bí Ẹ̀fẹ̀ bá ń kọrin mọ́jú, kò sẹ́ni tó máa sùn. Ẹni tó bá ní ìdánwò lọ́jọ́ kejì yẹ kó ti mọ̀ kó tó mú ọjọ́.

Iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ìkẹta. Irú ìdánwò yìí kì í sábà ṣeé ṣe lórí fóònù, kọ̀ǹpútà ló ń fẹ́, àwòrán akẹ́kọ̀ọ́ sì gbọ́dọ̀ máa lọ láìdúró ní gbogbo wákàtí náà. Bí iná bá lọ, tí bátìrì kò sì lágbára, ìdánwò lè já. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á kọjá agbára ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun kọjá já nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ ní Benin, Nàìjíríà, Ghana, Côte d'Ivoire àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ẹni tó bá ní ìdánwò lọ́jọ́ náà kò lẹ́bi kankan, ṣùgbọ́n òun ló máa ṣàlàyé.

Aago ni ìkẹrin. Bí wọ́n bá ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ní New York, nínú oṣù keje, aago mẹ́ta ọ̀sán ni ní Kpankou. Nínú oṣù kìíní, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni. Wákàtí kan yẹn lè mú kí ọmọ pàdánù ìdánwò pátápátá.

Ojú dúdú níwájú kámẹ́rà

Ìṣòro karùn-ún kò ti inú ilé wa wá. Ara ẹ̀rọ ló wà.

Lọ́dún 2018, Joy Buolamwini, onímọ̀ kọ̀ǹpútà tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Ghana, àti Timnit Gebru gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ẹ̀rọ tó ń wo ojú èèyàn láti sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Fún àwọn ọkùnrin aláwọ̀ funfun, àṣìṣe ẹ̀rọ tó ṣe dáadáa jù kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Fún àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú, àṣìṣe ẹ̀rọ tó burú jù lé ní 34 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí kan ni pé ojú aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù nínú àwòrán tí wọ́n sábà ń lò láti kọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ àti láti dán an wò.

Ní orílẹ̀-èdè Netherlands, Robin Pocornie, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin aláwọ̀ dúdú ní Vrije Universiteit ní Amsterdam, sọ pé nígbà tí òun ń ṣe ìdánwò nílé lákòókò Kòrónà, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìdánwò kì í rí ojú òun, àfi bí òun bá tan iná sójú ara òun. Lọ́dún 2022, ó gbé ẹjọ́ náà lọ sí àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ní orílẹ̀-èdè náà. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, àjọ náà sọ pé ohun tó gbé wá tó láti mú kéèyàn fura, kí yunifásítì wá fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, àjọ náà wo àkọsílẹ̀ tí yunifásítì kó wá, ó sì dájọ́ pé wọn kò fi ẹ̀rọ náà ṣe ojúsàájú sí i. Ṣùgbọ́n ó tún sọ pé yunifásítì kò fi ọwọ́ tó yẹ mú ẹ̀sùn rẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ mú un wá.

Obìnrin yìí kò jàre tán, àmọ́ ẹ̀kọ́ méjì wà níbẹ̀ fún wa. Èkíní, kí ọmọ wa jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń kọjú sí ojú rẹ̀, kí fèrèsé má ṣe wà lẹ́yìn rẹ̀. Èkejì, àkọsílẹ̀ ló dá ẹjọ́ náà. Ẹni tí nǹkan bá ṣe lákòókò ìdánwò, kó kọ aago àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ kíá, kó sì fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹnu nìkan kò tó.

Ọ̀rọ̀ pé àjèjì ń wo inú yàrá ẹni náà ti dé ilé ẹjọ́. Ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, Aaron Ogletree, akẹ́kọ̀ọ́ Cleveland State University, pe yunifásítì rẹ̀ lẹ́jọ́ nítorí pé wọ́n ní kó fi kámẹ́rà yí yàrá rẹ̀ po kó tó ṣe ìdánwò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, adájọ́ sọ pé ohun tí wọ́n ṣe yẹn tako òfin orílẹ̀-èdè náà tó dáàbò bo ilé ẹni. Òfin Amẹ́ríkà kì í ṣe òfin Benin, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń kọ lóminú.

Ohun tí agbo ilé lè ṣe

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọmọ ló mọ ìwé, àgbà ló ni ilé. Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè sọ fún ẹni tó jù ú lọ pé kó pa ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀. Bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ló lè lọ bẹ̀bẹ̀.

Bó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, kí akẹ́kọ̀ọ́ dán kọ̀ǹpútà, kámẹ́rà àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò ní wákàtí kan náà tí ìdánwò máa jẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dára láàárọ̀ lè má dára nírọ̀lẹ́. Kó ra íntánẹ́ẹ̀tì sórí nọ́ńbà méjì tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀kan bá já, kí èkejì wà. Bí ẹ bá ní pánẹ́ẹ̀lì oòrùn, ẹ gbé bátìrì rẹ̀ sọ́tọ̀ fún un láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Bó bá ku ọjọ́ mẹ́ta, kí òbí lọ bá àwọn aládùúgbò. Ẹ má ṣe sọ pé “ọmọ ń ṣe nǹkan lórí kọ̀ǹpútà.” Ẹ sọ ọ́ kedere pé ìdánwò àṣejáde ni, wákàtí méjì ni, àti pé bí wọ́n bá gbọ́ ohùn ẹlòmíràn, wọ́n lè fagi lé e. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìlọta lè yí àkókò rẹ̀ padà bó bá tètè gbọ́.

Lọ́jọ́ náà, kí àgbàlagbà kan jókòó sí ìta ilẹ̀kùn, kì í ṣe nínú yàrá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó dá àlejò dúró, kó darí àwọn ọmọdé, kó sì gba fóònù akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí òfin ìdánwò bá ní kó má sí nítòsí. Ẹni tí kò ka ìwé rí lè ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa.

Bí ilé kò bá ṣeé lò rárá, ẹ béèrè ọ̀nà mìíràn kó tó di ọjọ́ ìdánwò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, University of the People gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ wá ẹni tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ládùúgbò, irú bí olùkọ́ tàbí aṣáájú ẹ̀sìn tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀, kó jókòó tì í nígbà ìdánwò. Òfin a máa yí padà láti ọdún dé ọdún, ilé-ẹ̀kọ́ kan sì yàtọ̀ sí òmíràn, ṣùgbọ́n béèrè kì í pani. Kí ọmọ kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, kó ní: “Irú ilé tí mò ń gbé nìyí, irú iná tí a ní nìyí. Ọ̀nà mìíràn wo ló wà? Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já, ṣé màá lè tún un ṣe?” Kó tọ́jú èsì tí wọ́n bá fún un.

Ohun kan tún wà tó ju agbára ilé kan ṣoṣo lọ. Kpankou jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn arrondissement mẹ́fà tó wà ní Kétou. A ní ilé-ẹ̀kọ́, a ní ṣọ́ọ̀ṣì, a ní mọ́ṣáláṣí. Yàrá kan péré la nílò, tó ní ilẹ̀kùn tó ń tì, tábìlì kan, iná oòrùn àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí akẹ́kọ̀ọ́ èyíkéyìí lè gbà fún wákàtí mẹ́ta. Àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àti àwọn ọmọ wa tó wà ní Cotonou àti Èkó ti dáwó fún ohun tó ju èyí lọ rí. Ẹ gbé e wá sí ìpàdé.

Ìdánwò yẹ kó fi ẹni tó mọ ìwé hàn yàtọ̀ sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bó bá wá jẹ́ pé ẹni tó ní yàrá tó dákẹ́ ló ń yege, tí ẹni tó ń gbé pẹ̀lú èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń kùnà, ìmọ̀ kọ́ ni wọ́n wọ̀n, ilé ni wọ́n wọ̀n. A kò lè yí òfin àwọn tó ṣe ìdánwò padà láti Kpankou. Ṣùgbọ́n wákàtí méjì tí a máa fi dákẹ́, ọwọ́ wa ló wà.